"Winter" Ògbómọ̀ṣọ́: iṣẹ́ tí àwọn ọ̀rọ̀ àsìkò ń ṣe nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu Yorùbá. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí. N ò ní pẹ́ jù.

Gbèsè ni mo wá san. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí mo ní kí kíláàsì SS2 kan kọ àròkọ aṣàpèjúwe lórí òwúrọ̀ kan nílé bàbá wọn. Ọmọbìnrin kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ báyìí: "It was a cold winter morning in Ogbomoso, and the birds of spring were singing." Mo fa ìlà pupa sábẹ́ "winter", mo fa òmíràn sábẹ́ "spring", mo kọ "Níbo?" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Nígbà tó wá gba ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé gírámà ibẹ̀ ni kò dáa?" Mo ní gírámà ibẹ̀ dáa. Ó ní, "Ṣùgbọ́n sà, òtútù mú lọ́jọ́ náà lóòótọ́." Oṣù Kìíní ló ń sọ, ọyẹ́ ń fẹ́, òtútù sì mú lóòótọ́. Mi ò rí èsì gidi fún un. Mo kàn ní, "A ò ní winter níbí," mo sì pe ẹni tó kàn. Tíṣà tó bá dáhùn báyẹn, ó lé ọmọ lọ ni, kò kọ́ ọ.

Kí ló ṣe ọmọ yẹn? Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìwé ní "winter" ni ìgbà òtútù, "summer" ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, "spring" ni ìgbà ìrúwé, "autumn" ni ìgbà ìwọ́wé. Àwọn ìtumọ̀ yìí kò burú. Ṣùgbọ́n wọ́n dà bí ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ dé ilé tó gbàgbé ẹrù inú rẹ̀ sọ́jà. Ọmọ náà rí òtútù, ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó jẹ́ òtútù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn bí mo bá sọ tán: nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ́lẹ̀ ni àsìkò kọ́kọ́ jẹ́. Òtútù àti ooru, ẹ̀yìn ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ bọ̀.

Èmi fúnra mi kò mọ èyí títí mo fi lọ kí àbúrò mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kejìlá. Mo ti kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún gbọọrọ kí n tó débẹ̀ o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jókòó sí palọ̀, mo ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tó di agogo mẹ́ta ààbọ̀, lẹ́tà ojú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá mọ́ mi lójú. Mo wo ìta: àwọn ọmọ iléèwé nínú yunifọ́ọ̀mù ń rìn bọ̀ lábẹ́ iná ojú títì. Mo ní, "Ṣé òjò fẹ́ rọ̀ ni?" Àbúrò mi ń fa aṣọ ojú fèrèsé lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òjò kọ́. Ilẹ̀ ló ṣú."

Ilẹ̀ ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́! Nígbà náà ni gbogbo "winter afternoon" tí mo ti ń kà láti ọmọdé padà wá bá mi. Òtútù nìkan ni mo ti ń rí nínú wọn. Mi ò mọ̀ pé ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ ni pé ọjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí èèyàn tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i, torí àwọn tíṣà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà láàárín wa. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọjọ́ kúrú jù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ojúmọmọ kò pé wákàtí 8. Nígbà tó gùn jù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ó lé ní wákàtí 16 ààbọ̀; agogo mẹ́sàn-án alẹ́ á lù kí oòrùn tó wọ̀. Ní Èkó ńkọ́? Ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan gùn ju èyí tó kúrú jù lọ. Ọ̀nà kan tún wà tí ẹ lè gbà rí i. Lọ́sàn-án gangan ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù kì í gòkè ju nǹkan bí dígírì 15 láti ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run. Bí oòrùn bá bọ́ síta, òjìji èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíga rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. Ọ̀sán gangan, òjìji á tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí aṣọ tí wọ́n sá! Níbí, lọ́sàn-án gangan, àwa ń tẹ òjìji ara wa mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í jìnnà sí "winter" nínú àpèjúwe: "low sun", "long shadows", "pale light". Wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, ohun tí ojú rí ni. Wọ́n ń pe góńgó ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní "the height of summer", wọ́n sì ń pe àárín òtútù ní "the depth of winter". Òkè ni oòrùn wà nínú ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ló wà nínú èkejì. "The dead of winter" ńkọ́? Ìyá kan náà ló bí i pẹ̀lú "the dead of night", ìyẹn ọ̀gànjọ́ òru. Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀, n ò ní mú òkú wọ inú rẹ̀ rárá. Ọ̀gànjọ́ òtútù ni n ó pè é.

Bóyá ẹnì kan ń rò pé mo kàn ń fi ojú Peckham wo nǹkan ni. Ẹ jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 725, mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Bede, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan nípa bí a ṣe ń ka àkókò. Ó ní àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ọdún sí méjì péré: oṣù mẹ́fà tí ọ̀sán gùn ju òru lọ ni wọ́n pè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́fà tó kù ni ìgbà òtútù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò ní oṣù tí ooru mú. Oṣù tí ọ̀sán gùn ju òru lọ ló ní.

Méjì náà ni tiwa: òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ wà lọ́mú ẹ̀ẹ̀rùn, àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò wà lọ́mú òjò. Àwọn fi ìmọ́lẹ̀ pín ọdún, àwa fi omi pín in. Gbogbo wàhálà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn wà nínú gbólóhùn kan yìí.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe ìgbà ìrúwé ní Gẹ̀ẹ́sì ni "lencten", ara ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa gígùn ló sì ti wá: ìgbà tí ọjọ́ ń gùn sí i. Torí pé ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde bọ́ sí ìgbà náà, orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ààwẹ̀, ó sì kúrú di "Lent". Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí ẹ ń gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì lọ́dọọdún ní Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú, orúkọ àtijọ́ fún ọjọ́ tó ń gùn sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń dá. Ooru sì ń mú yín nígbà náà, ọjọ́ kò sì gùn sí i lójú yín.

"Spring" àti "fall" dé lẹ́yìn. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n ń sọ "spring of the leaf" àti "fall of the leaf", wọ́n sì gé e kúrú nígbà tó yá. Àwọn ará Amẹ́ríkà di "fall" mú, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé "autumn" tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá. Ẹ wo bí ìrúwé àti ìwọ́wé tiwa ṣe bọ́ sórí ìtumọ̀ àtijọ́ yìí gẹ́lẹ́: ewé tó rú, ewé tó wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo ṣí fìlà fún un. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Igi tiwa náà ń wọ́wé: àràbà ń wọ́wé, afárá ń wọ́wé, ìrókò ń wọ́wé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí àìsí omi. Igi tó wà níhòòhò nínú àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé òkùnkùn ń bọ̀. Tiwa ń sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ ilẹ̀.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ ọgbọ́n yìí ṣáájú gbogbo wa. Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 8 ẹsẹ 22, níbi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti sọ "summer and winter", "ẹ̀ẹ̀rùn òun òjò" ló wà nínú tiwa. Ẹni tó bá ń wá òtútù nínú "winter" á ní wọ́n ṣìnà. Wọn ò ṣìnà. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú gbólóhùn ni wọ́n wò: apá méjì tí ọdún pín sí. Ní ilẹ̀ Palẹ́sìnì tí ọ̀rọ̀ náà ti wá pàápàá, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó gbóná jù, mo sì mọ ohun tí mo sọ yẹn o. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "warm" dáa. "A warm smile", "a warm welcome". "Cold" ni ẹni tí kò láàánú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ ni à ń sọ pé ó tutù. Bí ara bá dá wa, a ní ara tù wá. Inú "tù" ni ìtura ti wá. Omi tútù la fi ń tọrọ àlàáfíà, a máa ń gbàdúrà kí ilé ó tutù, kí ọ̀nà ó tutù. Bí wàhálà bá bẹ́, a ní ìlú gbóná. Àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pè é.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ṣí ewì Shakespeare tí wọ́n máa ń kọ́ wa níléèwé, ìkejìdínlógún nínú àwọn ewì onílà mẹ́rìnlá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1609. Akéwì bi olólùfẹ́ rẹ̀ pé ṣé kí òun fi í wé "a summer's day". Ẹni tó bá túmọ̀ ìyẹn sí "ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn" ti bá wọn dájà sílẹ̀. Ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn! Eruku, kànga tó gbẹ, iná tí wọ́n mú lọ, ẹ̀fọn lóru. Ọmọge wo ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní í kó ẹrù rẹ̀? Ọjọ́ tí akéwì ní lọ́kàn ni ọjọ́ tí ooru rẹ̀ kò ju bí òru Ìbàdàn lọ, tí oòrùn kò fẹ́ wọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ. Kíkúrú ìgbà yẹn wà nínú ẹ̀bẹ̀ ewì náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì mi túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Ṣé kí n fi ọ́ wé ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá?" Máàkì tó gbà pé.

Wọ́n tún ń fi àsìkò ka ọjọ́ orí. Láyé àtijọ́, "winter" ni wọ́n fi ń ka ọdún. Àwa náà fi ọdún tí a ń ṣe ka ọdún tí a ń gbé. Nígbà tó di ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé tó fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́, ọmọge di ẹni "eighteen summers", bàbá arúgbó di ẹni "eighty winters". Iye ọdún nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Òǹkọ̀wé ti sọ fún yín ojú tó fi ń wo ẹni náà. Bó bá wá kọ "in the autumn of his life", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọ "ìgbà ìwọ́wé ayé rẹ̀". Kò sí bàbá Yorùbá tó mọ ibi tí ìyẹn wà. Ọjọ́ alẹ́ la ní. Òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́: ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń díwọ̀n ayé èèyàn, àwọn fi odidi ọdún díwọ̀n tiwọn.

Àwọn kan wà tí n ó kàn fọwọ́ bà. "Indian summer" kò kan ilẹ̀ Íńdíà rárá. Amẹ́ríkà Àríwá ni wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, fún ọjọ́ mélòó kan tí ara ń móoru lẹ́yìn tí òtútù ti fi ojú hàn. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ń fi orúkọ Mátíìnì mímọ́ pe tiwọn, torí ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni ọdún rẹ̀. Bí wọ́n bá lo "Indian summer" fún èèyàn, wọ́n ní ayé tún yẹ ẹ́ lẹ́yìn tí a rò pó ti tán. "Dog days", ìyẹn àwọn ọjọ́ tí ooru mú jù nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, sì ti ara ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ajá wá. Ẹ má bá ajá kankan wí.

"The winter of our discontent" ni mo fẹ́ dúró tì díẹ̀, nítorí ó ń bí mi nínú. Àwọn akọ̀ròyìn ń lò ó bí ẹni pé wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi pe ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó gba ilẹ̀ Bìrìtìkó kan ní 1978 sí 1979. Ṣùgbọ́n nínú eré Shakespeare tó ti wá, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sọ pé òtútù ìbànújẹ́ àwọn ti di ẹ̀ẹ̀rùn ológo. Ó ti tán! Ìdajì gbólóhùn ni gbogbo ayé há sórí.

Níbi kan ṣá, àwa àti wọn pàdé. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, ní òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá, fi òjò oṣù Kẹrin bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn arìnrìn-àjò rẹ̀: òjò náà wọ ilẹ̀ tí oṣù Kẹta ti mú gbẹ, ó dé gbòǹgbò, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún àwọn èèyàn láti rìn. Ẹni tó bá ti dúró níbi àkọ́rọ̀ òjò ní Ọ̀yọ́, tí òórùn ilẹ̀ sọ lù ú nímú, kò nílò ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ tú gbólóhùn kan pẹ̀lú mi. Èmi ni mo kọ ọ́, kò sí nínú ìwé kankan: "A thin October sun lay across the kitchen table, and she did not trouble to move her chair into it."

Mo ti fi í han kíláàsì mẹ́ta. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n yin obìnrin náà. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ni. Ta ni í gbé àga tọ oòrùn lọ? Ibòji là ń gbé àga lọ. Ẹ rí i báyìí? Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ka gbólóhùn náà sódì. Oṣù Kẹwàá, ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ. Oòrùn ti tín-ín-rín bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi lé. Ó sùn sórí tábìlì, torí ó ti lọ sísàlẹ̀, kò lè dúró lókè mọ́. Oòrùn tó ṣẹ́ kù lọ́dún náà wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí i, obìnrin yìí kò sì fà mọ́ ọn. Nǹkan ti ṣe é. Òǹkọ̀wé kò sọ pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Àga tí kò sún ló sọ ọ́.

Mo rí òdìkejì obìnrin yẹn nígbà tí mo padà lọ sí Peckham nínú oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lódìkejì títì gbé àga ìdáná síta, ó fi í sí ojú oòrùn, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí oòrùn sún, ó dìde, ó sún àga náà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

Ṣé kí ọmọ wa má wá lo àsìkò nínú Gẹ̀ẹ́sì ni? Rárá o. Nínú ìpínrọ̀ kẹta Things Fall Apart, ní 1958, Chinua Achebe fi òkìkí Okonkwo wé iná tó mú igbó nínú ọyẹ́. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́, iná náà kò ní yára mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni, ilẹ̀ wa ló sì ń jó nínú rẹ̀.

Ó ku ti ọmọbìnrin yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lé e lọ, ojú tì mí, mo pè é padà. Mo ní kó tún àròkọ náà kọ, kó má sì dárúkọ àsìkò kankan, ìbáà ṣe tiwọn, ìbáà ṣe tiwa. Ó kọ pé ògiri ilé kejì kò hàn. Ó kọ pé bàbá òun ń sọ̀rọ̀ láìla ẹnu tán kí ètè má bàa ya. Ó kọ pé ìgò àdín ìyá àgbà ti dì gbagidi lójú fèrèsé, tí màmá náà ki ìgò bọ abẹ́ aṣọ, ó fi apá há a mọ́ra, ó ń dúró kó yọ́. Kò mọ orúkọ àdín ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ bó ṣe wà, a-d-i-n, ó fi ìbéèrè kékeré sí i lórí.

Mo pa ìbéèrè náà rẹ́, mo fi àdín sílẹ̀.